Iyọ̀ Magnesium: Bí Ẹ Ṣe Lè Yàn Án Kẹ́ Ẹ sì Lò Ó Láìfẹ̀mí Wewu

Nínú àwọn ilé oògùn tó wà láti Tákíè títí dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣòro kẹ́ ẹ má rí ìgò magnesium lórí pẹpẹ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fítámì C àti oògùn aràn. Ẹnìkan ń rà á nítorí pajápajá tó ń mú un lẹ́sẹ̀ lóru, ẹlòmíràn nítorí oorun tó kọ̀ tí kò wá, ẹlòmíràn nítorí fídíò tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Èyí tó burú ni kéèyàn sanwó láìmọ ohun tó rà. Magnesium kì í dá wà nínú ìgò. Ó gbọ́dọ̀ so mọ́ nǹkan mìíràn kó tó di iyọ̀ tá a lè gbé mì, nǹkan tó so mọ́ náà ló sì máa pinnu bóyá yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín tàbí yóò gba inú ìfun kọjá lọ sí ṣáláńgá. Ìgò méjì lè kọ “500 mg” gàdàgbà síwájú, kí magnesium tó wà nínú ọ̀kan tó ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú owó. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ líle ló ń dà yín láàmú, magnesium ń ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: èyí tí kò wọ ẹ̀jẹ̀ nínú iyọ̀ náà máa ń fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́rí túúlu tó ń padà wá lemọ́lemọ́, ẹ̀rí wà pé ó ń dín in kù fún àwọn kan, àmọ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún un sábà máa ń ju èyí téèyàn lè dá lò lọ. Dókítà ló yẹ kó wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ó lè fà á wálẹ̀ díẹ̀, bíi 2 péré lórí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kà. Ẹni tó bá torí ìyẹn pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì ń fi ara rẹ̀ ṣeré.

Pajápajá ni ọ̀rọ̀ ti rí bákan. Òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ilé oògùn, òun náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, rí i pé fún àwọn àgbàlagbà tí pajápajá ń mú, kò dájú pé magnesium ń ṣe ju hóró oògùn òfìfo lọ. Ti àwọn aboyún, èsì ìwádìí náà ń ta kora. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má dán an wò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bẹ́ ẹ bá lò ó fún oṣù kan tí ẹsẹ̀ ṣì ń fà yín lóru, ẹ má ṣe lọ ra ìgò kejì. Ti oorun náà, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lágbára.

Àwọn tí magnesium máa ń dín lára wọn ní tòótọ́ wà, ẹ sì lè mọ̀ wọ́n. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà wà lára wọn, torí bí ṣúgà ṣe ń bá ìtọ̀ jáde ni magnesium náà ń bá a lọ. Ẹni tó ń mu ọtí lámujù náà wà níbẹ̀, àti ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìsàn ìfun ti bá fínra pẹ́, pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí oúnjẹ wọn ti dín kù. Oògùn náà ń fà á: furosemide àti hydrochlorothiazide tí wọ́n fi ń mú kéèyàn tọ̀ dáadáa ń kó magnesium jáde. Omeprazole tí àwọn èèyàn wa ń gbé mì lójoojúmọ́ nítorí ọ́sà, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lè fa àìtó magnesium tó bá ti ju ọdún kan lọ. Lọ́dún 2011 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Bí àìtó náà bá le, oúnjẹ kì í wu èèyàn jẹ, èébì á máa gbé e, á máa rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Bó bá tún burú sí i, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú, iṣan á máa fà, gìrì lè mú un, ọkàn lè máa lù ségesège. Ẹni tó bá ti dé ibi gìrì àti ọkàn tó ń lù ségesège kì í ṣe ẹni tó ń lọ sí kẹ́míìsì mọ́, ọsibítù ló ń lọ.

Nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: “E and U”, àyẹ̀wò iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti kídìnrín tí ẹ máa ń ṣe ní láàbù, kì í sábà ní magnesium nínú. Ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Nǹkan bíi 0.75 sí 0.95 mmol/L ni wọ́n ń retí. Ẹ mọ̀ sí i pé ara àgbàlagbà ní magnesium tó tó nǹkan bíi 25 gírámù, tó ju ìdajì rẹ̀ lọ wà nínú egungun, kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Nítorí náà nọ́ńbà tó dáa kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá pé gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Èyí tó bá wálẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bi kídìnrín léèrè

Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo láti sọ, èyí ni mo máa sọ. Kídìnrín tó dá ṣáká máa ń da magnesium tó bá pọ̀ jù sínú ìtọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lò ó tí ohunkóhun kì í ṣe wọ́n. Kídìnrín tó ti rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni magnesium á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé ibi tó lè dá èémí àti ọkàn dúró.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kídìnrín jẹ́ jù lọ, àwọn tó ní àìsàn méjèèjì yìí náà sì ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí wọ́n lọ lo magnesium. Bẹ́ ẹ bá ti ní ọ̀kan nínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ ẹ bá máa ń mu àgbo gan-an, tàbí bẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ara ríro bíi diclofenac àti ibuprofen lójoojúmọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò creatinine. Láàbù á fi ìyẹn ṣírò bí kídìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó, wọ́n á kọ ọ́ síbi tí wọ́n pè ní eGFR. Bí nọ́ńbà yẹn kò bá tó 30, ẹ má fọwọ́ kan iyọ̀ magnesium kankan àfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Èyí kan oògùn àyà títa àti Epsom salt tí wọ́n fi ń fọ inú náà, kì í ṣe ìgò sọ́pílímẹ́ǹtì (èròjà àfikún oúnjẹ) nìkan.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́ra jù, àti ẹni tó ní àìsàn iṣan tí wọ́n ń pè ní myasthenia gravis, náà gbọ́dọ̀ yẹra.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo inú ìkòkò yín

Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nílò 420 mg magnesium lóòjọ́, obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílò 320 mg, aboyún nílò 350 sí 360 mg. Ó jọ pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ wa kò kéré. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìlú kajú: hóró kajú tí a yan, èyí tó kún ọwọ́ kan (28 gírámù), ní tó 74 mg. Ìwọ̀n ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi 48. Hóró elégédé tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀gúsí ju gbogbo wọn lọ, 156 mg ló wà nínú ìwọ̀n 28 gírámù, ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ kò sì kẹ́yìn. Ìdajì ife ẹ̀wà tó ti jinná fún yín ní nǹkan bíi 45, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bíi 32. Ẹ̀fọ́ tútù náà ń kó tirẹ̀ wá, torí magnesium wà láàárín gbùngbùn ohun tó ń mú kí ewé ní àwọ̀ ewé. Èèyàn tó jẹ àbùlà lọ́sàn-án, tó fi ẹ̀pà tàbí kajú panu nírọ̀lẹ́, tó jẹ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí lálẹ́, kò jìnnà sí ohun tó nílò.

Ibi tá a ti ń sọ ọ́ nù ni ẹ jẹ́ ká wò. Nígbà tá a bá ń sẹ́ ògì, èérí tá a dà fún ewúrẹ́ ló kó púpọ̀ nínú magnesium àgbàdo lọ. Ẹ̀fọ́ tá a bọ̀, tá a fún omi rẹ̀ dànù, ti pàdánù díẹ̀ náà. Búrẹ́dì funfun àti ìrẹsì tí wọ́n bó tán kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jí mu ẹ̀kọ, tó ń fi búrẹ́dì jẹ ọ̀sán, tó ń jẹ indomie lálẹ́, kí ó tún oúnjẹ ṣe kó tó ra ìgò.

Omi náà ń kópa. Àwọn kànga àti omi ẹ̀rọ abẹ́lẹ̀ kan wà tí ọṣẹ kì í hó nínú wọn, tí wọ́n máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù. Kálísíọ̀mù àti magnesium ló ń fa ìyẹn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ iye tó wà níbẹ̀ láìṣàyẹ̀wò, àmọ́ òun náà wà nínú ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ iyọ̀ kọ̀ọ̀kan

Magnesium oxide ló pọ̀ jù lórí pẹpẹ, òun náà ló sì dínwó jù. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni magnesium gan-an, nọ́ńbà yìí ló sì ń tan èèyàn jẹ. Kì í yòrò dáadáa, ara kì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ líle lẹ bá wá, ó tó, owó yín kò sì ṣòfò. Bó bá jẹ́ pé àìtó magnesium lẹ fẹ́ dí, mi ò ní fi í ṣe àkọ́kọ́.

Magnesium citrate so mọ́ ásíìdì tó ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni magnesium, àmọ́ ó ń yòrò, ara sì ń gbà á ju oxide lọ. Ó ń rọ ìgbẹ́ díẹ̀. Fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dáa tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí ni mo fara mọ́ jù, pàápàá bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ti máa ń le tẹ́lẹ̀.

Magnesium glycinate, tí àwọn kan ń kọ ní bisglycinate, so mọ́ glycine, ọ̀kan lára àwọn nǹkan tí ẹran àti ẹ̀wà fi ń kọ́ ara. Ìdá 14 péré ni magnesium rẹ̀. Kì í da inú rú bíi ti citrate, torí náà ó bá ẹni tí ìfun rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́ mu. Ó wọ́n. Bẹ́ ẹ bá rí “buffered” lára ìgò rẹ̀, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọ́n ti po oxide mọ́ ọn kí nọ́ńbà lè ga. Ẹ má san owó glycinate fún oxide.

Chloride àti lactate, ìdá 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ara ń gbà wọ́n dáadáa. Chloride korò, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Lásìkò òjò, bẹ́ ẹ bá gbàgbé ọmọrí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó bá a tó ti lẹ̀ mọ́ra. Malate jọ citrate ní ìwọ̀n. Gluconate kò tó ìdá 6. Threonate, bí ìdá 8, ni wọ́n ń polówó fún ọpọlọ àti ìrántí. Ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ ṣì kéré, owó rẹ̀ sì ga ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Àwọn tó kù kì í ṣe sọ́pílímẹ́ǹtì, oògùn ni wọ́n. Mist Mag tí gbogbo ilé mọ̀, ẹfun olómi tá a máa ń mì kó tó dé ẹnu, ní magnesium trisilicate, magnesium carbonate àti sodium bicarbonate nínú. Àyà títa ló wà fún. Ti sodium inú rẹ̀ yẹn, kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ṣọ́ra fún un. Milk of Magnesia jẹ́ magnesium hydroxide: ṣíbí tíì kan (5 mílílítà) ní nǹkan bíi 167 mg, ẹni tó bá sì mu 30 mílílítà láti fi yàgbẹ́ ti gba bíi 1000 mg lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹ̀ẹ̀kan, kò burú fún ẹni tára rẹ̀ dá. Kéèyàn máa mu ún lójoojúmọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Epsom salt wá ńkọ́? Magnesium sulphate ni. Láti ìlú Epsom ní Ẹ́ńgílándì ló ti gba orúkọ, níbi tí wọ́n ti rí omi kíkorò kan lọ́dún 1618. Ìtàn sọ pé màlúù ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ tí kò mu. Ìdá 10 péré ni magnesium rẹ̀, ẹ má sì torí ìyẹn fojú kéré rẹ̀. Ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, tó jẹ́ bíi gírámù 5, ti ní nǹkan bíi 490 mg nínú, èyí tó ti ju òdiwọ̀n ọjọ́ kan lọ. Àwọn tó ń fi fọ inú máa ń bu ju ṣíbí kan lọ. Mo ti gbọ́ ti àwọn tó ń mu ún láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé gbogbo “kí ìdọ̀tí lè jáde.” Kò sí ìdọ̀tí kan tó ń dúró níbẹ̀ de Sátidé. Omi ara àti iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde. Ti fífi ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná tí wọ́n da Epsom salt sí, ó tuni lára, omi gbígbóná sì ń rọ iṣan, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó dáa pé magnesium ń gba awọ ara wọlé tó bẹ́ẹ̀. Òróró magnesium tí wọ́n ń fi pa ara náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kàn-ún kì í ṣe magnesium o. Sodium ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ torí mo ti gbọ́ tí wọ́n ń fi ṣàròpò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yí ìgò padà

“Dókítà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni kẹ́ ẹ fún mi.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká yí i padà wò ná.”

Ohun tí apòògùn ń wò nìyí, ẹ̀yin náà lè wò ó. Lẹ́yìn ìgò, àpótí kan wà tí wọ́n kọ “Supplement Facts” sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ magnesium sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “Magnesium (as magnesium citrate) 200 mg”, 200 yẹn ni magnesium gan-an, ìṣirò ti parí. Bó bá jẹ́ “Magnesium citrate 1000 mg” ni wọ́n kọ, ìwọ̀n iyọ̀ náà lódindi nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó rí nǹkan bíi 160. Magnesium oxide 400 mg máa fún yín ní bíi 240. Magnesium glycinate 500 mg, 70 péré.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀, ẹ wo “Serving size”. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìtajà máa ń sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá kọ “3 capsules” síbẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ rí nísàlẹ̀ jẹ́ ti kápúsù mẹ́ta, kì í ṣe ti ẹyọ kan. Ìgò oníkápúsù 90 tí ẹ rò pé ó máa tó yín oṣù mẹ́ta á parí lóṣù kan. Ẹ fi iye ọjọ́ tó máa lò pín owó rẹ̀, ẹ wá fi wé ti ìgò kejì. Ìgbà míràn, èyí tó dàbí ọ̀wọ́n ló máa jẹ́ pọ́ọ́kú.

Bẹ́ ẹ bá rí i pé magnesium wà nínú fítámì alápapọ̀ tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ kà á mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Rírà

Ilé oògùn tí apòògùn wà ni kẹ́ ẹ ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà tàbí nínú mọ́tò. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Ìgò tó ti jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá sọ pé òun ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀ àti àìlọ́mọ pa pọ̀, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Bíbẹ̀rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 mg magnesium gan-an, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, pẹ̀lú omi tó kún ife. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí inú kò bá rú, ẹ lè gùn ún dé 200, kẹ́ ẹ pín in sí àárọ̀ àti alẹ́, torí ara ń gba kékeré kékeré dáadáa ju ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Èyí tó bá wà láti inú sọ́pílímẹ́ǹtì àti oògùn pa pọ̀ kò gbọdọ̀ ju 350 mg lóòjọ́ lọ fún àgbàlagbà, gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n Amẹ́ríkà. Ti Yúróòpù rẹlẹ̀ sí i, 250 ni. Ti oúnjẹ kò sí nínú ìṣirò yìí, ẹ̀fọ́ àti kajú kì í pa ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dá lára. Èmi fara mọ́ 250 fún ẹni tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú dókítà.

Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ lè lò ó lẹ́yìn ìṣínu, kó má lò ó ní sààrì, kí ìgbẹ́ gbuuru má bàa gba omi ara rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ dín in kù sí ìdajì tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ irú iyọ̀ náà. Àwọn ọmọdé, ẹ má fún wọn: òdiwọ̀n ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta kò ju 65 mg lọ, kápúsù àgbàlagbà kan ti kọjá ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn mìíràn

Ibí yìí ni magnesium ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ láìpariwo. Ó máa ń di mọ́ àwọn oògùn kan nínú ikùn, á sì gbé wọn lọ sísàlẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbà wọ́n. Cipro tí wọ́n kọ fún yín nítorí ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà lára wọn, levofloxacin, tetracycline àti doxycycline náà. Ẹni tó bá gbé cipro mì tó sì fi Mist Mag tẹ̀ ẹ́ nítorí pé àyà ń ta á, ó lè parí gbogbo oògùn náà kí àìsàn má lọ, yóò sì máa dá oògùn lẹ́bi. Ẹ lo oògùn apakòkòrò yẹn ní wákàtí méjì ṣáájú magnesium, tàbí kó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù: ẹ pa magnesium tì títí oògùn náà á fi tán.

Levothyroxine tí àwọn tó ní àìsàn ọ̀fun thyroid ń lò nílò wákàtí mẹ́rin láàárín. Chloroquine náà, wákàtí mẹ́rin. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún, tó ní irin nínú, ẹ fi wákàtí méjì sí àárín wọn. Bákan náà ni alendronate tó wà fún egungun. Ẹni tó ń lo spironolactone tàbí amiloride kò gbọdọ̀ dá magnesium kún un, torí àwọn wọ̀nyí ń dì í mú nínú ara.

Fún àwọn aboyún, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹ ti lè gbọ́ pé wọ́n ń fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lábẹ́rẹ́ magnesium sulphate ní ọsibítù, kí gìrì má bàa mú un. Òótọ́ ni. Ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní Magpie, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, ṣe é pẹ̀lú àwọn obìnrin tó lé ní 10,000, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ náà dín ewu gìrì aboyún kù sí bí ìdajì. Iyọ̀ kan náà ni pẹ̀lú Epsom salt, ṣùgbọ́n inú iṣan tàbí inú ẹran ara ni wọ́n ń gún un sí, nọ́ọ̀sì á sì máa ka èémí, á máa kan orúnkún láti wò ó bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta, á máa wọn ìtọ̀. Mímu Epsom salt nílé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí orí bá ń fọ́ aboyún gan-an, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Àmì tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò

Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni àkọ́kọ́, wọ́n máa ń dáwọ́ dúró bẹ́ ẹ bá jáwọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni ká bẹ̀rù: ojú tó gbóná tó pọ́n, òòyì tó ń kọ́ni nígbà tá a bá dìde torí ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ jù, iṣan tí kò lágbára, oorun tí kò yẹ kó wà lọ́sàn-án, ìtọ̀ tí kò jáde, èémí tó ń ṣòro. Àgbàlagbà tó ń mu Milk of Magnesia lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ ilé wá ń sọ pé “Bàbá ń tòògbé jù lọ́jọ́ mẹ́ta yìí,” kì í ṣe ọjọ́ orí ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ dá magnesium dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró de àárọ̀. Ọsibítù Bowen tàbí ti LAUTECH ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Ní irú ibẹ̀ ni wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n fa kálísíọ̀mù sí i ní iṣan, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí kídìnrín kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ mú ìgò náà dání, pẹ̀lú gbogbo oògùn mìíràn tó ń lò, kí dókítà lè rí irú iyọ̀ tó jẹ́ àti iye tó ti wọlé.